Ìkìlọ̀ fún Oníṣòwò: Fáìlì Tí Àlejò Fi Ránṣẹ́ Lè Gba Ilé Iṣẹ́ Mọ́ Yín Lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi sọ́fítíwíà orí íntánẹ́ẹ̀tì darí iṣẹ́ yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ ṣí sọ́fítíwíà náà kí ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ óò rí ibì kan, ó kéré tán, tó ní kí èèyàn mú fáìlì wá. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń fi fọ́tò rìsíìtì owó tó san ránṣẹ́, tí ẹni tó ń wáṣẹ́ ti ń fi ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀, tí àwọn tó ń kó ọjà fún yín ti ń gbé ínfọ́ìsì wọn wá, tí òṣìṣẹ́ ti ń pààrọ̀ fọ́tò ara rẹ̀. Bọ́tìnì kékeré ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò bèèrè ohunkóhun nípa rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọn kò bá ṣe ibẹ̀ dáadáa, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí, tó wà ní ìlú tí ẹ kò dé rí, lè gba ibẹ̀ wọlé kó sì di ọ̀gá lórí gbogbo ohun tí ẹ kó pa mọ́, láìmọ páswọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni.

Àlébù yìí ti pẹ́ nílẹ̀. MITRE, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣe àkójọ oríṣiríṣi àṣìṣe tó máa ń wà nínú sọ́fítíwíà, ti fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, CWE-434. Sọ́fítíwíà tó bá ní in máa ń gba fáìlì tó lè ṣe jàǹbá wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe yẹ.

Ọwọ́ tí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí sọ́fítíwíà yín wà lórí rẹ̀, fi ń mú fáìlì kan kọ́ ló fi ń mú òmíràn. Ìrù orúkọ fáìlì ló máa ń wò. Bí orúkọ bá parí sí .jpg tàbí .pdf, á gbé fáìlì náà fún ẹni tó bèèrè rẹ̀ kí onítọ̀hún wò ó. Ṣùgbọ́n bí ó bá parí sí .php, .jsp tàbí .aspx, tí wọ́n sì ti kọ́ sáfà náà ní èdè yẹn, kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni wò. Á kà á fúnra rẹ̀, á sì ṣe ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo mẹ́gáàdì tó ń gba lẹ́tà lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí wọ́n kọ sí ọ̀gá, á gbé e lọ fún ọ̀gá. Àmọ́ bí ó bá já òmíràn, tó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ó ṣí yàrá owó, á dìde, á lọ ṣí i, torí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn. Kò bèèrè ẹni tó kọ lẹ́tà náà.

Bí olè ṣe ń lò ó nìyí. Á lọ sí ojú-ìwé tí àwọn oníbàárà tuntun ti ń forúkọ sílẹ̀, á sì kọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kó fi fọ́tò pásípọ́ọ̀tù sí, á fi fáìlì kan tí kóòdù wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, kóòdù náà sì lè má ju ìlà kan ṣoṣo lọ. Sọ́fítíwíà á sọ fún un pé fọ́tò rẹ̀ ti wọlé. Níbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ ti hàn, àmì àwòrán tó bàjẹ́ ni yóò hàn. Bí ẹlòmíràn bá rí àmì yẹn, á rò pé kò ṣiṣẹ́. Olè ní tirẹ̀ mọ̀ pé ó ti ṣe é, torí pé àdírẹ́sì ibi tí fáìlì náà wà ti hàn sí i. Á da àdírẹ́sì náà kọ sínú bráúsà, á fi àṣẹ kan kún ẹ̀yìn rẹ̀, sáfà á sì dá a lóhùn: á to orúkọ gbogbo fáìlì tó wà nínú fódà lẹ́sẹẹsẹ fún un. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tó bá pa láṣẹ ni sáfà yóò máa ṣe.

Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ń pè ní web shell. Microsoft kéde ní oṣù kejì ọdún 2021 pé láàárín oṣù kẹjọ ọdún 2020 sí oṣù kìíní ọdún 2021, nǹkan bí 140,000 irú rẹ̀ ni àwọn ń bá pàdé lórí sáfà lóṣooṣù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọdún tó ṣáájú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gba ibi ìgbafáìlì wọlé o, ṣùgbọ́n ibi ìgbafáìlì wà lára àwọn ọ̀nà tó rọrùn jù fún wọn.

Ohun tí olè kọ́kọ́ ń wá lẹ́yìn tí web shell rẹ̀ bá ti wọlé ni fáìlì tí sọ́fítíwíà kọ páswọ́ọ̀dù dátábéèsì sí. Kedere ló máa ń wà níbẹ̀, torí pé sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á kó tó lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti rí i, orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé, owó oṣù òṣìṣẹ́, nọ́ńbà ìdánimọ̀ (NIN) àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì (BVN) tí ẹ gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, gbogbo rẹ̀ ti dọwọ́ rẹ̀. Ó lè dà á kọ kó sì máa lọ. Ó lè ti gbogbo fáìlì pa kó ní kí ẹ wá san owó ìtúsílẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni èyí tí kì í tètè hàn: ó lè yí nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì tó wà lórí ínfọ́ìsì yín padà sí ti ara rẹ̀. Oníbàárà á sanwó, á ní òun ti san án, ẹ̀yin á ní ẹ kò rí i, ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹni méjì tí kò ṣẹ ara wọn.

Ẹ má ṣe rò pé sọ́fítíwíà olówó pọ́ọ́kú nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀ńjìnníà márùn-ún tó kúrò ní IBM ló dá SAP sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1972, ilé iṣẹ́ náà sì ti di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù lọ láyé nídìí sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń darí iṣẹ́. Owó oṣù, ọjà tó wà ní ilé ìkẹ́rùsí, gbèsè, owó orí: òun ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń lò fún gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ ààbò kan ní Amẹ́ríkà, ReliaQuest, kéde pé àwọn rí fáìlì àjèjì lórí sáfà àwọn kan tó ń lo SAP NetWeaver, ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà SAP dúró lé. Ohun tó dẹ́rù bani jù ni pé díẹ̀ lára àwọn sáfà náà ti gba gbogbo àtúnṣe tí SAP ti gbé jáde títí di ìgbà yẹn. Àwọn tó ni wọ́n kò fi iṣẹ́ wọn ṣeré.

Ibi tí olè gbà wọlé ni apá kan tí wọ́n ń pè ní Visual Composer. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ra NetWeaver ló máa ń bá a níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti tan án sílẹ̀ torí pé ó ń jẹ́ kí àwọn tí kò mọ kóòdù kọ lè ṣe áàpù fúnra wọn. Visual Composer yìí ní ibi ìgbafáìlì kan, metadatauploader lorúkọ rẹ̀, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹni tó jẹ́. Kò bèèrè páswọ́ọ̀dù, kò wo irú fáìlì tó ń bọ̀. Àwọn olè fi fáìlì JSP ránṣẹ́ síbẹ̀, wọ́n sọ wọ́n ní orúkọ bíi helper.jsp àti cache.jsp, orúkọ tí òṣìṣẹ́ á rí tí á rò pé ara sọ́fítíwíà náà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí wọn láti inú bráúsà, bí mo ṣe júwe rẹ̀ lókè. Wọ́n pe àlébù náà ní CVE-2025-31324, wọ́n sì fún un ní 10 nínú 10 níbi tí wọ́n ti ń wọn bí ewu ṣe pọ̀ tó. Kò sí máàkì tó ju ìyẹn lọ. SAP sáré gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 24 oṣù náà, nígbà tó sì di ọjọ́ 29, CISA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, ti fi í kún àkójọ àwọn àlébù tí olè ń lò lọ́wọ́.

Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù. Lẹ́yìn tí àtúnṣe ti jáde, Onapsis àti Mandiant, àwọn ilé iṣẹ́ ààbò méjì tó ń tọpa ọ̀rọ̀ náà, kìlọ̀ pé àwọn olè mìíràn tún ti dé. Àwọn wọ̀nyí kò wulẹ̀ wá bí wọ́n á ṣe fọ́ sáfà kankan. Web shell tí àwọn olè àkọ́kọ́ ti fi sílẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri tí wọ́n sì ń lò. Ẹni tó ti gba àtúnṣe SAP tí kò wá fáìlì àjèjì inú sáfà rẹ̀ kàn, tó sì lọ sùn, kò tíì bọ́. Àtúnṣe kì í pa fáìlì tí olè ti fi sílẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ ọ́ sórí ògiri ọ́fíìsì yín bó bá gbà bẹ́ẹ̀. SAP tún gbé àtúnṣe mìíràn jáde ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún, nítorí àlébù kejì tó wà níbì kan náà.

Láti ọ̀dọ̀ SAP, ẹ jẹ́ ká wá sí kóòdù ọ̀fẹ́ tó kún inú sọ́fítíwíà kéékèèké. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Larry Cashdollar, onímọ̀ ààbò kan ní ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Akamai, fi hàn pé àlébù yìí wà nínú jQuery File Upload. Kóòdù ìgbafáìlì ni, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí Blueimp ló kọ ọ́ tó sì gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn oníkóòdù kárí ayé sì ń mú un fi sínú iṣẹ́ tiwọn. Lórí GitHub nìkan, ibi tí àwọn oníkóòdù ń kó kóòdù wọn sí, ó ju 7,000 ìgbà lọ tí àwọn èèyàn ti da odindi rẹ̀ kọ láti tún un lò. Ẹni tó kọ ọ́ kò gbàgbé ààbò. Ó fi fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ .htaccess sínú fódà tí fáìlì àlejò ń wọ̀, fáìlì náà ló sì ń sọ fún sáfà pé kó má ṣe mú kóòdù kankan ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé láti ọdún 2010, nígbà tí ẹ̀dà 2.3.9 ti Apache, sọ́fítíwíà tó ń darí ọ̀pọ̀ sáfà, jáde, Apache kì í ka .htaccess mọ́ àfi bí oní-sáfà bá dìídì ní kó kà á. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ẹni tó ní kó kà á. Ìkìlọ̀ wà nínú fódà, sáfà kò sì wò ó rárá. Ọdún mẹ́jọ gbáko kọjá kó tó di pé wọ́n pariwo rẹ̀ síta. Láàárín ìgbà yẹn, fídíò tó ń fi bí wọ́n ṣe ń lo àlébù náà han àwọn olè ti wà lórí YouTube.

Blueimp tún tirẹ̀ ṣe kíákíá, ó sì ní kí kóòdù náà máa gba àwòrán nìkan àfi bí oníkóòdù bá fúnra rẹ̀ yí i. Ṣùgbọ́n àtúnṣe yẹn kò lè rìn lọ fúnra rẹ̀ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀dà tó ti wà nínú sọ́fítíwíà àwọn ẹlòmíràn. Bí ẹnì kan bá da kóòdù náà kọ lọ́dún 2014, tó fi ṣe sọ́fítíwíà ìtajà, tó tà á fún yín, tó sì ti gba ibi iṣẹ́ mìíràn lọ, àlébù náà ṣì lè wà lọ́dọ̀ yín di òní.

Ọ̀rọ̀ wa nílé gan-an rèé. Kóòdù sọ́fítíwíà ìtajà, ti owó oṣù, ti ilé ẹ̀kọ́, ti ilé ìwòsàn, pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún kí ó fi kọ́ bí kóòdù ṣe ń rí. Ẹnì kan á wà á wálẹ̀, á pààrọ̀ lógò àti àwọ̀ rẹ̀, á sì tà á fún oníṣòwò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àkójọ CVE, níbi tí wọ́n ti ń kọ àlébù sọ́fítíwíà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, yóò bá irú àwọn iṣẹ́ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, ibi ìfifọ́tòsí àti ibi ìyílógòpadà ni àlébù wọn sì sábà máa ń wà. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wá oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tó bá ta sọ́fítíwíà tí kò yẹ̀ wò fún ilé iṣẹ́ tó ń gba NIN èèyàn, ó ti dá ọ̀ràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní i lọ́kàn láti ṣe ibi.

Bí a bá sọ èyí fún àwọn oníṣòwò wa, ohun tí wọ́n sábà máa ń fèsì ni pé, “Ilé iṣẹ́ mi kéré, ta ló fẹ́ wá jà mí lólè lórí íntánẹ́ẹ̀tì?” Ẹ̀yin èèyàn mi, olè yìí kò yan ẹnikẹ́ni. Kóòdù tó ń dá ṣiṣẹ́ ló ń bá a kan gbogbo ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Seravo, ilé iṣẹ́ kan ní Finland, rí i pé olè ti ń gba inú File Manager wọlé. Kóòdù tí àwọn tó ní wẹ́bsáìtì WordPress fi ń to fáìlì wọn ni File Manager, ó sì wà lórí ohun tó ju 700,000 wẹ́bsáìtì lọ nígbà náà. Fáìlì àpẹẹrẹ kan tí kò yẹ kó dé orí sáfà ẹnikẹ́ni ló fa ìjàǹbá náà: wọ́n yí ìrù orúkọ rẹ̀ padà kó lè ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìyókù. Àtúnṣe, ẹ̀dà 6.9, jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. Síbẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan, Wordfence, ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ààbò àwọn wẹ́bsáìtì WordPress, ka wẹ́bsáìtì tó ju 1.7 mílíọ̀nù lọ tí àwọn olè ti kan ilẹ̀kùn wọn, èyí tó ju iye àwọn tó ní File Manager rárá lọ. Àwọn kan tilẹ̀ wà nínú àwọn olè náà tí wọ́n fi páswọ́ọ̀dù ti ibi tí wọ́n gbà wọlé, kí olè ẹlẹgbẹ́ wọn má bàa bá wọn dé ibẹ̀.

Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu oníkóòdù pé, “A ti fi àyẹ̀wò sí i.” Ẹ bi í léèrè irú àyẹ̀wò wo ni. Bí inú bráúsà ni àyẹ̀wò náà wà, bí ẹni pé kò sí ni: ọwọ́ olè ni bráúsà wà, ó lè pa á nígbà tó bá wù ú. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí fáìlì pe ara rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ ni sáfà ń wò, ẹni tó fi fáìlì ránṣẹ́ ló kọ ìyẹn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn ti dí ọ̀nà mọ́ .php, àwọn sáfà kan wà tó ń ka .phtml, .phar tàbí .php5 bíi .php gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ń wo lẹ́tà mélòó kan tó bẹ̀rẹ̀ inú fáìlì, olè lè kọ GIF89a sókè, bí fáìlì GIF gidi ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ kóòdù rẹ̀ sísàlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó hàn síta pé ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ àwòrán kékeré orí bráúsà ni olè gbà wọ Versa Director, sọ́fítíwíà tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi ń darí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn. Fáìlì Java tó gbé ìbòjú PNG wọ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ má ṣe dúró lórí irú fáìlì tó ń wọlé nìkan. Ẹ bèèrè ibi tó ń gbé lẹ́yìn tó bá ti wọlé, àti ohun tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe níbẹ̀. Bí fáìlì àlejò bá wà ní fódà tí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣí tààrà, tí sáfà kò sì gbọ́dọ̀ mú kóòdù kankan ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, web shell tó bá débẹ̀ á kàn jókòó bí ìwé lásán ni. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù. Lórí rẹ̀, kí oníkóòdù kọ àkójọ irú fáìlì tó gbà, kí ó sì lé gbogbo ìyókù. Kí sọ́fítíwíà fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tuntun tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó má sì lo orúkọ tí àlejò sọ ọ́. Fọ́tò ní tirẹ̀, kí sọ́fítíwíà tún un yà lẹ́yìn tó bá wọlé, torí pé kóòdù tó fara pamọ́ sínú àwòrán kì í sábà la ìyẹn já. Bí ibi ìgbafáìlì bá jẹ́ ti òṣìṣẹ́ nìkan, kí ó bèèrè páswọ́ọ̀dù kó tó gba ohunkóhun, èyí tí metadatauploader kò ṣe.

Kí ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́. Ìtàn .htaccess yẹn tó láti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ ní kí oníkóòdù yín, lórí sọ́fítíwíà tiyín, fi fáìlì kóòdù kan tó kàn máa kọ ọ̀rọ̀ ìkíni síta sínú fódà tí fáìlì àlejò ń wọ̀, kó sì ṣí i nínú bráúsà lójú yín. Bí ọ̀rọ̀ ìkíni nìkan bá hàn bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sójú-ìwé, sáfà ti mú kóòdù ṣiṣẹ́, ewu sì wà. Bí sáfà bá kọ̀ láti ṣí i, tàbí tó gbé kóòdù náà fún yín bí ìwé lásán, ó dára. Kí ó pa fáìlì náà rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n tún ìdánwò yìí ṣe nígbàkígbà tí wọ́n bá kó sọ́fítíwíà lọ sórí sáfà tuntun, torí pé ibẹ̀ ni ètò ààbò ti máa ń já.

Ní ti ẹni tí olè ti lè wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ láìmọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n to gbogbo fáìlì inú fódà fọ́tò àti ti rìsíìtì. Fáìlì .php kan ṣoṣo nínú fódà fọ́tò kò ní àwíjàre. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ọ̀gá tuntun ti kún inú àwọn tó lè wọ sọ́fítíwíà, bóyá fáìlì kan yí padà ní òru tí ẹnikẹ́ni kò sí níṣẹ́, bóyá nọ́ńbà àkáǹtì inú ínfọ́ìsì ṣì jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ má ṣe sáré pa á rẹ́. Ẹ yọ sáfà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ da odindi rẹ̀ kọ síbòmíràn kí ẹ̀rí má bàa sọnù, kí ẹ sì wá onímọ̀ ààbò. Gbogbo páswọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ yí padà, títí kan ti dátábéèsì. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí ẹ óò fi tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ṣáájú ọjọ́ tí olè wọlé, ẹ má ṣe lo èyí tí web shell náà ti wà nínú rẹ̀.

Òfin sì wà níbẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí ilé iṣẹ́ tí dátà èèyàn bá jáde lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lè pa wọ́n lára, sọ fún NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin náà, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tó bá mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ni dátà náà láìjáfara. Owó ìtanràn fún àwọn ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ní Britain, wákàtí 72 náà ni òfin tiyín fún yín láti sọ fún ICO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ dátà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí BVN rẹ̀ ti dọwọ́ olè ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, kó lè tètè sọ fún báǹkì rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹ pe ẹni tó ń bójú tó sọ́fítíwíà yín. Ẹ ní kó fi ibi tí fáìlì àwọn oníbàárà ń gbé hàn yín, kó sì ṣe ìdánwò yẹn lójú yín. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ ní kó pa ibi ìgbafáìlì náà títí yóò fi lè ṣe é, kí àwọn oníbàárà ṣì máa fi rìsíìtì wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp ná.